Òkun tó sùn sínú òkúta Ewékorò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò wá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Òkúta tó wà lọ́wọ́ mi yìí, láti Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ti wá. Mo fẹ́ kán ásíìdì tí a ti fi omi là lé e lórí. Ẹ gbọ́! Ó ń hó ṣìì. Òkúta ẹfun ni. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ náà ló wà nínú ìkarahun ìgbín, òkúta yìí sì ni wọ́n ń wà níbẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sun, kó tó di sìmẹ́ǹtì.

Ṣùgbọ́n ásíìdì kò lè sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Àfi ká gé e. Àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì á fi ayùn gé pẹlẹbẹ kan lára rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n á sì máa há a títí tí kò fi ní nípọn ju 0.03 mìlímítà lọ. Bí òkúta bá ti fẹ́lẹ́ tó yẹn, ìmọ́lẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ wá wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ibí yìí ni orí mi máa ń wú! Àfọ́kù ìkarahun ìgbín òkun nìyí. Ewédò nìyẹn, ohun bí ewéko tó ń hù nínú omi. Àwọn róbótó kéékèèké yìí, ilé fóráàmù ni, ẹ̀dá inú òkun tí púpọ̀ nínú wọn kò tóbi ju hóró iyanrìn lọ. Òkun ló wà ní Ewékorò nígbà náà, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Kò sì jìn, torí ewédò kì í hù níbi tí oòrùn kò dé.

Nísàlẹ̀ òkúta ẹfun yìí, iyanrìn tó ti dì ló wà níbẹ̀. Ara àwọn òkúta àtijọ́ tó wà lápá òkè, ìbátan Olúmọ, ni òjò àti odò ti họ ọ́ wá. Ẹ fọwọ́ kan hóró rẹ̀: èyí tí igun rẹ̀ ṣì mú kò tíì rìn jìnnà, èyí tó ti rìn jìnnà, ìyígbiri inú odò ti jẹ igun rẹ̀ tán.

Lókè, amọ̀ tó ti di òkúta ló bò ó. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú ògiri ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Ewékorò, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: iyanrìn, ìkarahun, amọ̀.