Télọ̀ Méjì, Tépù Méjì: Bí A Ṣe Ń Fi Visual Studio Kọ́ libcurl

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ wa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sọ ní Kubwa lọ́sàn-án Sátidé kan nìyí. Wákàtí kan ni wọ́n fún mi. Ohun tí mo ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ló jẹ ìdajì rẹ̀. Mo ti tún gbólóhùn díẹ̀ ṣe, àmọ́ mi ò yọ ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ kúrò, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn oní-Linux.

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ẹ kú ooru. Jẹnẹrétọ̀ ló dá wa dúró, ẹ má bínú.

Láíbìrì tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni libcurl. Kíkọ́ ni mo wí, bí ẹni kọ́lé, kì í ṣe bí ẹni kọ́ ìwé. Òun ni ètò yín máa ń rán níṣẹ́ tó bá fẹ́ bá sáfà sọ̀rọ̀ lórí HTTP, HTTPS, FTP àti irú wọn. Daniel Stenberg, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló ń darí rẹ̀. Ohun tó ń wá níbẹ̀rẹ̀ kò ju iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè lọ, kó lè máa fi hàn àwọn tí wọ́n jọ ń tàkùrọ̀sọ lórí IRC. Ká ní Àbújá ló ń gbé ni, ì bá kàn wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá àwọn Alhaji ní Zone 4, a ò sì ní ní curl. Ọdún 1998 ló sọ ọ́ ní curl. Ọdún 2000 ni libcurl jáde, kí ètò ẹlòmíràn lè máa lò ó. Láti 2018 ni curl.exe ti ń bá Windows 10 wá, ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ tẹ àṣẹ fún nìyẹn. Kò sí curl.h níbẹ̀, fáìlì tó to orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ fún ètò yín, kò sí .lib tẹ́ ẹ máa so mọ́ ètò yín.

Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò kàn wa DLL tó ti ṣe tán sílẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì?" DLL ni láíbìrì tó dá dúró lọ́tọ̀, tí ètò ń pè nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ yín. Ẹ wà nínú yàrá yìí. Ẹ máa gbé DLL lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ máa wá fi sínú ètò tí oníbàárà ń tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé báńkì rẹ̀ sí! Ó dáa, ká tiẹ̀ ní olóòótọ́ èèyàn ló kọ́ ọ. Ẹ ò mọ tépù tó fi wọ̀n ọ́n.

Àwọn oní-Linux tó jókòó lápá òsì ń rẹ́rìn-ín, "apt install", àṣẹ tó ń gbé láíbìrì wá fún wọn, ló wà lẹ́nu wọn. Ẹ rọra. Windows ló wà lórí tábìlì oníbàárà wa ní Garki.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo, Build, lẹ ń rí nínú Visual Studio, irinṣẹ́ Microsoft tí a fi ń kọ ètò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Compiler ń gé aṣọ: fáìlì .c kọ̀ọ̀kan ló ń gé lọ́tọ̀, kò mọ ohun tó ń lọ nínú èkejì. Linker ló ń rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àṣìṣe bá fi C bẹ̀rẹ̀, bíi C1083 tó ní òun ò rí curl/curl.h, ọ̀dọ̀ agéṣọ ló ti wá. Ẹ fi fódà include hàn án, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá fi LNK bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ aránṣọ ni kẹ́ ẹ lọ. Mo mọ ọ̀gá kan, kì í ṣe ọmọdé o, tó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣí fódà include káàkiri nítorí LNK2019. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́, ó ń pọ́n àlùmọ́gàjí.

LNK2019 yìí náà, ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa. Ó ní òun ń wá __imp_curl_easy_init, òun ò rí i. Ẹ wo __imp_ tó wà níwájú yẹn. Oyè ni. Ó ń sọ pé ètò yín gbà pé inú DLL ni iṣẹ́ yẹn ń gbé. Ẹ̀yin sì ti kọ́ libcurl ní static, gbogbo rẹ̀ wà nínú .lib. Ẹni tó ń béèrè Olóyè Àjàyí ní àdúgbò tí Àjàyí ò tíì joyè, ta ló máa júwe ilé fún un? Ẹ kọ CURL_STATICLIB sínú Preprocessor Definitions. Ti ètò yín ni mo wí o, kì í ṣe ti libcurl. Oyè á bọ́ lára rẹ̀, wọ́n á sì rí Àjàyí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ ṣá: linker á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ mìíràn, nítorí libcurl fúnra rẹ̀ ń yá nǹkan lọ́wọ́ Windows. Ẹ fi ws2_32.lib, crypt32.lib, bcrypt.lib àti irú wọn kún un, àti wldap32.lib bẹ́ ẹ ò bá pa LDAP, ọ̀nà mìíràn tí libcurl fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀.

Kíkọ́ rẹ̀ gan-an kò le. Ẹ tú kóòdù rẹ̀ síta, ẹ fi "Open a local folder" ṣí i nínú Visual Studio 2022. Yóò rí CMakeLists.txt fúnra rẹ̀, ìyẹn fáìlì tó ń sọ fún CMake bí a ó ṣe kọ́ ọ. Ẹ pa BUILD_SHARED_LIBS kó má baà di DLL, ẹ tan CURL_USE_SCHANNEL kó lè lo Schannel, ohun tí Windows fúnra rẹ̀ fi ń ṣe HTTPS, kẹ́ ẹ má baà máa wá OpenSSL kiri. Visual Studio fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dátà òru wà sílẹ̀, gígábáìtì rẹ̀ pọ̀.

Ibí ni mo dé tí arábìnrin kan lẹ́yìn nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Tèmi ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní Nyanya, ó ní kò sí VCRUNTIME140D.dll. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi sí i. Ó tún ní kò sí ucrtbased.dll."

Gbogbo ilé pa ẹ̀rín. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwé ẹ̀rí HTTPS tẹ́lẹ̀. Mo pa á tì, torí ọmọ yìí ti bá mi dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo D tó wà nínú orúkọ méjèèjì. Debug ni, èyí tí a fi ń wá àṣìṣe; Release lèyí tí a ń kó fún oníbàárà. Bẹ́ ẹ bá ṣí fódà CMake, x64-Debug ni Visual Studio máa ń kọ́kọ́ yàn, kò ní bi yín. Àwọn DLL tó ní D yẹn, orí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń kọ ètò ni wọ́n ń gbé. Wọn kò sí nínú Redistributable, àkójọ DLL tí Microsoft ṣe fún kọ̀ǹpútà oníbàárà, ìwé àṣẹ Microsoft kò sì gbà kẹ́ ẹ pín wọn fún oníbàárà. Tépù tí mo ń wí nìyí. Télọ̀ kan fi ínṣì gé apá, èkejì fi sẹ̀ǹtímítà gé ara. Kò sí abẹ́rẹ́ tó lè tún un ṣe. Bí libcurl bá jẹ́ x64, kí ètò yín jẹ́ x64, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ LNK4272 á ké. Bó bá jẹ́ Release, kí méjèèjì jẹ́ Release. Bó bá jẹ́ /MT, èyí tí kò ní béèrè Redistributable lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ tan CURL_STATIC_CRT fún libcurl, kẹ́ ẹ sì yí ètò yín sí /MT. Bẹ́ ẹ bá da /MD, èyí tó ń béèrè rẹ̀, pọ̀ mọ́ /MT, ìkìlọ̀ lásán lẹ máa rí, LNK4098, ètò á sì jáde. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju àṣìṣe pupa lọ! Apá kan á ya ìrántí kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀, apá kejì á fẹ́ dá a padà sí ibi tí kò ti mú un, ètò á kú níwájú oníbàárà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé curl_free lẹ máa fi dá ohun tí curl_easy_escape bá fún yín padà, kì í ṣe free.

Bàbá kan béèrè pé ṣé kò ní dáa ká lo vcpkg, irinṣẹ́ Microsoft tó ń bá ni kọ́ láíbìrì. Ó dáa, sà. Kóòdù ló ń wà wá, orí kọ̀ǹpútà yín ló ti ń kọ́ ọ. Ẹ kàn wo orúkọ tẹ́ ẹ máa yàn níbẹ̀: x64-windows-static. Orúkọ tépù ni!

Alága ti ń kan tábìlì. Kíá: ìwé ẹ̀rí tó wà nínú Windows ni Schannel ń lò, ẹ ò nílò fáìlì mìíràn. Ẹni tó bá pa CURLOPT_SSL_VERIFYPEER, ìyẹn àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí sáfà, kí àṣìṣe lè lọ, kó má pe ara rẹ̀ lọ́mọ mi. Ẹ fi ìwé àṣẹ curl sínú ohun tẹ́ ẹ bá pín. Ó tán.

Nígbà tí wọ́n ń pín pọ́fúpọ́ọ̀fù, arábìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi. Ó ní òun ti yí libcurl sí Release, LNK4098 ló ń yọ. Mo ní, "Ètò tìrẹ ńkọ́?" Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó ní, "Háà."