Ẹ Tú U, Ẹ Jẹ́ Kó Máa Lọ

Bíbélì kíkà: Jòhánù 11:38-44

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 17 kan ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Àná ló dé láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ nítorí oògùn olóró Colorado àti tramadol. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò tíì tú u. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ń bú ara wọn ní pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣe wọn. Bó ṣe wọlé báyìí, àbúrò rẹ̀ rọra fa fóònù kúrò lórí tábìlì, ó fi í sábẹ́ ìtàn. Ó rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọmọ mi, ó dùn ọ́, mo mọ̀.

Jésù ló pe Lásárù, òkú sì jáde. Ṣùgbọ́n aṣọ òkú ṣì wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Jésù kò tú u fúnra rẹ̀, àwọn tó dúró síbẹ̀ ló ní kí wọ́n tú u. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ló ń bá wí. Ẹni tó bá ṣì ń pè é ní "ọmọ ìgbó", tó ń sọ pé "Aró ló ti dé", aṣọ òkú ló tún ń wé mọ́ ọn lára.

Aró tí ẹ fi ń búni yẹn, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ńkọ́? Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀: ó ń fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, mọ̀lẹ́bí kan á sì bá a wá láti máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀. Dókítà mọ̀ pé abẹ́rẹ́ nìkan kò tó.

Ìwọ ọmọ, gbọ́ èyí dáadáa. Ara tó ti fi oògùn sílẹ̀ kì í lè gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré" ti pa ọ̀pọ̀. Bí ọ̀rẹ́ àtijọ́ bá pè, má gbé e. Bí ariwo ilé bá pọ̀ jù, gba ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lọ, má sì pa ọjọ́ tí àwọn tó tọ́jú rẹ ní kí o padà wá jẹ. N ò ní purọ́ fún ọ pé àdúrà àárọ̀ kan ṣoṣo á pa bàbá rẹ lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, ìwọ tó fi orúkọ pe Lásárù, fi orúkọ pe ọmọ yìí lónìí, kì í ṣe èyí tí àdúgbò sọ ọ́.

Ẹsẹ̀ tó fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé gbé oògùn wá fún un, jẹ́ kó ṣìnà.

Bá wa parí ìjà tó ti wà nílé yìí kí ọmọ tó mọ oògùn.

Lóru, tí oorun bá kọ̀ tí ara sì ń bèèrè, jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kí ó tó di alẹ́ òní, jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé bá a tú báàgì rẹ̀. Lórúkọ Jésù. Àmín.