Ẹni Tó Jókòó Sídìí Bàtà

Ẹ kú Jímọ̀ o, ẹ̀yin ará.

Jímọ̀ tó kọjá, mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan níbi tí a ń bọ́ bàtà sí. Àyè wà ní sáfù (ìlà ìrun) kẹta, kò lọ. Ó kàn ń fa fìlà rẹ̀ bo iwájú orí. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ṣe. Bí a ṣe sálámà tán, ó ti wọ bàtà. Èmi náà ò kí i. Ara mi ni mo kọ́kọ́ ń ṣe wáàsí yìí fún.

Kaabu ọmọ Maliki ló sọ sí mi lọ́kàn. Sàhábà (alábàárìn Ànábì) ni, akéwì ni. Ní ọdún 9 Hijira, nígbà ogun Tabuk, "ó dọ̀la, ó dọ̀la" ló ń ṣe títí àwọn ọmọ ogun fi lọ tán. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dé, àwọn kan tí kò lọ sógun parọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Kaabu sọ òótọ́. Ànábì ní kí ẹnikẹ́ni má bá Kaabu àti àwọn méjì mìíràn sọ̀rọ̀. 50 òru gbáko!

Ó dọ́jà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó kí Ànábì, ó ń wò bóyá ètè rẹ̀ mì láti jẹ́ sálámà. Ó pọ́n ògiri ọgbà Abu Qatada tí í ṣe mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ó kí i, ìyẹn náà ò jẹ́ ẹ. Omijé bọ́. Ilẹ̀ fún mọ́ wọn tòun ti fífẹ̀ rẹ̀, ẹ̀mí wọn náà fún mọ́ wọn: Sùrá At-Taoba, áyà 118. Ẹni tí ojú bá ti tì rí mọ̀ ọ́n. Èèyàn á sá fáráyé tán, kò ní rí ibi sá fún ara rẹ̀.

Àṣẹ ni ti Kaabu, ó sì lópin. Tiwa ńkọ́, ta ló pa á láṣẹ? Ìtìjú tó mú ọmọ padà wá sí mọṣáláṣí, ẹ̀ka ìgbàgbọ́ ni. Ojú tí a fi ń lé e jáde, èwo nìyẹn?

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni lẹ́tà tí ọba Ghassan, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kọ sí Kaabu: a gbọ́ pé ọ̀gá rẹ ti kẹ̀yìn sí ọ, máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kaabu jù ú sínú ààrò. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe gbogbo ọmọ ló lè sun irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Lówùúrọ̀ tí ìdáríjì sọ̀ kalẹ̀, ó wọ mọṣáláṣí. Nínú àwọn Muhajiruna (àwọn tó ṣí láti Mẹ́kà wá sí Mẹ̀dínà), Talha nìkan ló dìde, tó sáré pàdé rẹ̀, tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ Kaabu tó ń mú bàbá rẹ̀ rìn nígbà tí ojú bàbá náà fọ́ ló gba ìtàn yìí lẹ́nu rẹ̀, Kaabu sì ní òun ò jẹ́ gbàgbé ti Talha láé.

Mo ti ní n óò tètè dé lónìí. Ìdí bàtà ni n óò jókòó sí.