Ọmọwálé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú àtijọ́. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí, n kò pe àlejò kankan. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi yìí, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀, èmi náà ló sì yẹ kí n fẹnu ara mi rò ó.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe níbí ní New York. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ bó ṣe rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ní kí n máa tọ́jú màmá kan ní Washington Heights. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Amẹ́ríkà; Harlem, àdúgbò àwọn dúdú ní New York níbí, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Lọ́jọ́ kan mò ń se ọbẹ̀ adìyẹ fún un lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn. Wọ́n ní níbo ni mo wà. Mo ní, "Mo wà níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Akátá kan ni mò ń tọ́jú." Orúkọ ẹranko igbó ni akátá, òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tàbùkù àwọn dúdú Amẹ́ríkà. Bí ẹni ń sọ pé omi ti hó ni mo ṣe sọ ọ́.

Mo gbé oúnjẹ síwájú màmá, wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Mo mọ ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù yẹn. Àwọn ará Nàìjíríà ti gbé ilé yìí rí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Ojú tì mí, n kò rí ibi tí màá gbé e sí. Wọ́n wá bi mí, láì gbóhùn sókè, pé ṣé Yorùbá ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa. Bá mi pe orúkọ kan. Kí ni ìtumọ̀ Omowale?"

Wọ́n pè é bí ẹni tó rí i nínú ìwé tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu onílé rí. Mo pè é fún wọn: Ọmọwálé. Wọ́n ní kí n tún un pè, mo tún un pè. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ní ọmọ tó ti padà wá sílé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n mirí. "Àwọn èèyàn rẹ ló sọ Malcolm bẹ́ẹ̀. Ṣé o mọ̀?"

N kò mọ̀. Èmi ọmọ Ìbàdàn! Mo ti gba iwájú Trenchard Hall kọjá ní Yunifásítì Ìbàdàn láìmọye ìgbà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé inú gbọ̀ngàn yẹn ni Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn dúdú Amẹ́ríkà, ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1964. Mẹ́kà ló ti ń bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Hájì tán ni. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ló sọ ọ́ ní Ọmọwálé, òun fúnra rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo ẹ̀yẹ tí wọ́n ti ṣe fún òun, kò sí èyí tí òun kà sí tó o.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí orúkọ náà díẹ̀. Malcolm Little ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Omaha lọ́dún 1925. Lójú tirẹ̀, Little kì í ṣe orúkọ ìdílé òun. Orúkọ òyìnbó tó fi àwọn baba ńlá òun ṣe ẹrú ni. Ó bọ́ ọ sọ nù, ó fi X rọ́pò rẹ̀. X yẹn ló dúró fún orúkọ tí wọn ì bá máa jẹ́ ká ní wọn kò kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Àyè tó ṣófo ni ọkùnrin náà ń jẹ́ kiri ayé. Lọ́jọ́ kẹjọ ni àwa ń sọ ọmọ tiwa lórúkọ. Ọmọ tiwa yìí, ó ti di ẹni ọdún 38 kí ó tó rí ẹni ilé tó máa sọ ọ́.

Àti pé kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti gbà sílé ni wọ́n gbà o. Baba rẹ̀ jẹ́ ọmọlẹ́yìn Marcus Garvey, aṣíwájú tó ń pe àwọn dúdú pé kí wọ́n padà sí Áfíríkà; ó kú lọ́dún 1931, àwọn ẹbí rẹ̀ sì gbà pé àwọn òyìnbó tó kórìíra dúdú ló pa á. Malcolm ṣẹ̀wọ̀n. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti darapọ̀ mọ́ Nation of Islam, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn àwọn dúdú Amẹ́ríkà, ó sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1964. Nígbà tí Martin Luther King ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe gbẹ̀san bí ọlọ́pàá bá tú ajá sí wọn, Malcolm ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá lù ní ẹ̀tọ́ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ sí jù. Ó ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú nìkan kò tó, ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni kí a máa béèrè. Ìdí ni pé ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, inú ilé ni ẹjọ́ rẹ̀ ń parí sí, ẹni tó ń lù ọ́ náà ni yóò sì dá a. Ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni ẹ lè gbé dé iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ní oṣù Keje ọdún 1964, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Káírò, níbi tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ń ṣe ìpàdé. Harlem ń jó lọ́wọ́ lásìkò náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù náà ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Nígbà tó di ọjọ́ 16, ọlọ́pàá kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ yìnbọn pa James Powell, ọmọ ọdún 15, ní Manhattan. Ní ọjọ́ 18 ni ìlú dàrú. Màmá sọ fún mi pé ìyá àwọn ní kí gbogbo àwọn sùn sórí ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ fèrèsé, torí àwọn ọlọ́pàá ń yìnbọn sókè. Wọ́n ní òórùn èéfín wà lára aṣọ àwọn fún ọjọ́ mélòó kan. Títí dòní wọn kì í sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọlọ́pàá tó yìnbọn náà ńkọ́? Wọn kò fẹ̀sùn kankan kàn án.

Àwọn olórí tó wà ní Káírò fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ àwọn dúdú Amẹ́ríkà ń ká àwọn lára, wọ́n sì yin òfin tuntun náà. Kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú wọn tó gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. N kò lè dá wọn lẹ́bi tán. Nàìjíríà kò tíì pé ọdún mẹ́rin tó gba òmìnira, owó Amẹ́ríkà sì wà lójú púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A sọ ọmọ yìí ní Ọmọwálé, nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ dé, ilé kò yọjú.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1965, wọ́n ju bọ́ǹbù iná sí ilé rẹ̀ nígbà tí ìyàwó àtàwọn ọmọ ń sùn. Ní ọjọ́ 21, wọ́n yìnbọn pa á ní Audubon Ballroom, gbọ̀ngàn kan ní Washington Heights, lójú Betty ìyàwó rẹ̀ tó lóyún ìbejì àti lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni ọdún 39 ni. Méjì nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n lórí ikú rẹ̀, ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ tó sọ pé ọwọ́ wọn mọ́. Ọ̀kan ti kú kí ọjọ́ náà tó dé.

Lọ́dún 1965 yẹn kan náà, ní oṣù Kẹwàá, Johnson fọwọ́ sí òfin tó ṣí ilẹ̀kùn tí Amẹ́ríkà ti tì mọ́ àwa ará Áfíríkà. Ìjà àwọn èèyàn tí wọ́n sùn sórí ilẹ̀ nítorí ìbọn ni ooru tó mú irin ilẹ̀kùn ọ̀hún rọ̀. Èmi gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, mo fi orúkọ ẹranko igbó pe ẹni tó ṣí i fún mi, mo sì pè é nínú yàrá ìdáná rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún màmá lọ́jọ́ náà. Wọn kò sọ pé àwọn ti dárí jì mí. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ gbé ọbẹ̀ náà ka iná, ó ti tutù.

Nígbà tí oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e dé, ní ọjọ́ 21, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí Audubon. Kò jìnnà sílé. Mo fi aṣọ òtútù méjì bò wọ́n, mo ti àga onítáyà wọn dé iwájú ilé náà ní Broadway. Wọ́n ní, "Pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é." Mo pè é. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ bojú wẹ̀yìn, ó wò wá, ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá náà pè é tẹ̀ lé mi, ohùn àárín ló ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu. A dúró níbẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì tì wọ́n padà sílé.