Iṣan Tí Ń Bá Wa Jẹ Àsun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Tí ẹ bá ti jẹ àsun rí ní Àkúrẹ́ ńbí, pàápàá ti òbúkọ tó ti gbó, ẹ ó mọ̀ pé kí abọ́ tó tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti máa ro èèyàn. Eyín kọ́ o. Kì í rẹ eyín. Iṣan ni.

Ẹ fi ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, níwájú etí, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ó yá, ẹ deyín mọ́ra dáadáa. Ohun tó le koko lábẹ́ ìka yín yẹn là ń wí. Masseter làwọn dókítà ń pè é.

Òkè rẹ̀ so mọ́ egungun tó yọ lábẹ́ ojú, tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ síwájú etí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ egungun àgbọ̀n, títí dé igun tó wà lábẹ́ etí. Tó bá ti sún kì, àgbọ̀n á gòkè, ẹran á há sáàárín eyín. Ìpele-ìpele ló wà. Ti òde dagun: ó ń lọ sẹ́yìn bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ìyẹn ló fi ń fa àgbọ̀n síwájú díẹ̀ bó ṣe ń gbé e sókè. Ti abẹ́ rẹ̀ dúró lóòró. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé parí ọ̀rọ̀ sí, àfi ìgbà tó di 2021 táwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Basel, ní Switzerland, ṣàlàyé ìpele kẹta tó fara pamọ́ sínú pátápátá. Wọ́n ní òun ló lè fa àgbọ̀n sẹ́yìn. Iṣan tí gbogbo ayé fi ń jẹun láti ìgbà ìwáṣẹ̀!

Kì í dá ṣiṣẹ́. Ọ̀kan wà ní ẹ̀bátí, òun ló ń mi fìlà bàbá tó ń jẹ orógbó. Méjì tún wà nínú, ọ̀kan nínú wọn ló ń bá wa yanu.

Ojú ọ̀nà itọ́ kan tún gba orí masseter kọjá kó tó wọnú ẹnu. Ẹ fi ahọ́n wá a lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ọ̀kánkán eyín ńlá kejì lókè: ẹ ó bá kókó kékeré kan níbẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Tí ìṣó bá gún èèyàn lóko, tó wá di bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ẹnu rẹ̀ há, tí kò ṣe é là, ó lè jẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, torí iṣan yìí wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.