Màmá Alájọ Ló Kọ́kọ́ Kọ́ Wa: Bí A Ṣe Kó Agbo Ìmọ̀ Ìhùwàsí Jọ l'Óṣogbo

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìjókòó kan l'Óṣogbo nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń fi ìpàdé oṣooṣù àti pọ́díkáàsì kó àwọn tó fẹ́ràn ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìdí tí èèyàn fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, jọ nílùú yìí. Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́: òfo ni ìpàdé wa àkọ́kọ́ já sí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé pé "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìmọ̀ Ìhùwàsí", mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti oríta Ọláìyá dé ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba. Èèyàn mẹ́ta ló wá. Ọ̀kan nínú wọn ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù ni.

Lóṣù kejì, ìbéèrè la kọ: "Kí ló dé tí owó kì í dúró lọ́wọ́ wa?" Àga ò tó.

Màmá kan tó ń gba àjọ wà lára àwọn tó wá. Ó fa káàdì kan yọ lábẹ́ ìró, etí ẹ̀ ti rún. Ojú àpótí kéékèèké 31 ló wà lára ẹ̀, bírò pupa sì ti mú 19. Ó ṣàlàyé: ẹni tó bá ń dá ₦500 lójúmọ́, á di ₦15,500 lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Alájọ á mú ₦500 tirẹ̀, á ka ₦15,000 fún olówó.

Ọmọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé fò dìde. "Màmá, wọ́n wá ń sanwó kí wọ́n tó rí owó ara wọn gbà? Báǹkì a máa fúnni lélé o!"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, owó tó bá wà lọ́wọ́ ẹ, ọmọ á tọrọ, àna á tọrọ, ìwọ fúnra ẹ á tún tọrọ lọ́wọ́ ara ẹ. Wọ́n ń san án kí n lè máa sọ pé rárá ni."

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ibi tí ìwé ti máa wọlé. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Nava Ashraf, Dean Karlan àti Wesley Yin, gbé àkáǹtì kan síwájú oníbàárà báǹkì 710. Owó tó bá wọ ibẹ̀ kò ní jáde àfi tí ọjọ́ tàbí iye tí olówó fúnra ẹ̀ dá bá pé. Àwọn 202 gbà á. Nígbà tí oṣù 12 fi pé, owó ìpamọ́ àwọn tí wọ́n gbé e síwájú wọn ti fi ìwọ̀n 81 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè ju ti àwọn tí wọn ò gbé e fún lọ. Ọdún 2006 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, màmá ní, "Ẹn-ẹ́n, àwọn náà ti ní alájọ nìyẹn."

Wíwá sí ìpàdé gan-an, ìhùwàsí ni. Ẹ mọ̀ wá: "Màá wá, lágbára Ọlọ́run," ẹsẹ̀ ò sì ní kan ẹnu ọ̀nà. Katherine Milkman, onímọ̀ ìhùwàsí, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 2011 lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn líle. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n máa lọ gbà á sílẹ̀, 37.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà á. Àwọn tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún, 33.1. Ìyàtọ̀ náà kéré, àmọ́ kí ló náni ju ìlà méjì lórí ìwé lọ? Àwa náà ń béèrè báyìí lọ́jọ́bọ̀ kí ìpàdé tó dé: "Aago mélòó lẹ máa kúrò nílé? Ọ̀kadà ni, àbí ẹsẹ̀?" Ẹni tó bá dáhùn ni mò ń gbé àga dè.

Pọ́díkáàsì, torí àwọn tí ọjà ò jẹ́ kí wọ́n wá ni. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ló kọ́kọ́ ba tiwa jẹ́. A wá sá lọ sí yàrá ẹ̀yìn aláró kan tí àdìrẹ kún orí okùn. Aṣọ a máa gbé ariwo mì, ìlú aró kúkú ni tiwa. Ìṣẹ́jú 15 là ń ṣe, a sì ń fún fáìlì ohùn náà pọ̀ kó má bàa jẹ dátà. Kò ju bíi mẹ́gábáìtì 7 lọ. Télọ̀ á gbà á lórí WhatsApp, á máa gbọ́ ọ bó ṣe ń ránṣọ.

A ti ṣìnà rí o. A sọ lórí pọ́díkáàsì pé ẹni tó bá kọ́kọ́ buwọ́ lùwé kó tó kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, irọ́ ẹ̀ á dín. Ìwádìí 2012 kan ló sọ bẹ́ẹ̀. A ò mọ̀ pé ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó tẹ̀ ẹ́, PNAS, ti fà á padà ní 2021, nígbà tí wọ́n rí ayédèrú nọ́ńbà nínú ìdánwò kan. Olùgbọ́ kan ló pe àkíyèsí wa sí i. Odindi ètò pọ́díkáàsì kan la fi jẹ́wọ́, òun ni wọ́n sì pín kiri jù.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, ẹnìkan béèrè pé níbo lòun ti lè gbọ́ ohùn màmá alájọ. Kò sí níbì kankan. Màmá ní àwọn olè náà ń gbọ́ rédíò, òun ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń gbówó kiri. Ó gbà kí n máa sọ ìtàn náà láìdárúkọ. Ṣùgbọ́n ohùn tiẹ̀ tí mo gbà sórí fóònù, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó bi mí pé èwo ni òun máa tẹ̀, ó sì pa á rẹ́ fúnra ẹ̀.