Kí Ẹ Tó Ta Ilé Yín Nítorí Sípéènì: Òfin Ìgbélùú fún Ọmọ Ìlú Ọba Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Inú mi dùn pé yàrá kún báyìí, torí ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí orúnkún ti ń dùn ún nínú òtútù, kò jẹ̀bi bó bá ní òun fẹ́ lọ jókòó sínú oòrùn. Àmọ́ ìwé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, mi ò ní sọ̀rọ̀ oòrùn.

Nínú oṣù Kẹrin, bàbá kan gbé páásípọ́ọ̀tù wọn wá bá mi. Páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ni. Wọ́n ti ra ilé kékeré kan sí Torrevieja, ní agbègbè Alicante, wọ́n sì ti pe àwọn tó ń bá èèyàn ta ilé pé kí wọ́n wá wo ti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé ti di tèmi, kí ló tún kù?" Mo ṣí páásípọ́ọ̀tù náà sórí tábìlì, mo gbé kàlẹ́ńdà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka òǹtẹ̀. Wọ́n wọlé ní 10 oṣù Kínní, wọ́n jáde ní 31 oṣù Kẹta. Ọjọ́ tí èèyàn wọlé wà nínú ìṣirò, ọjọ́ tó jáde náà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 81. Bàbá fẹ́ padà lọ ní 1 oṣù Karùn-ún, kí wọ́n sì dúró di ìgbà tí òtútù bá tún dé. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ 9 ló kù fún yín." Wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Bí òfin náà ṣe rí nìyí. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba, tí kò ní ìwé ìgbélùú Sípéènì, ọjọ́ 90 péré ló lè lò láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí. Kì í sì í ṣe Sípéènì nìkan, gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ṣí ibodè fún ara wọn, ni wọ́n pa pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ lọ jẹ ìgbéyàwó ní Paris wà nínú rẹ̀. Ìṣirò náà kì í tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún bá yí, bẹ́ẹ̀ ni kì í bẹ̀rẹ̀ látòkè torí pé ẹ sáré wálé fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ojoojúmọ́ tí ẹ bá fi wà níbẹ̀ lẹ máa wẹ̀yìn, kí ẹ ka iye ọjọ́ tí ẹ ti lò nínú 180 tó kẹ́yìn. Bí bàbá bá lo ọjọ́ 9 wọn tán ní 9 oṣù Karùn-ún, ó di 9 oṣù Keje kí wọ́n tó tún lè wọlé, torí ìgbà yẹn ni àwọn ọjọ́ oṣù Kínní máa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lẹ́yìn ìṣirò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà kan, ojú ni ọlọ́pàá ibodè fi ń wá òǹtẹ̀, ó sì lè fo òmíràn. Láti 12 oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní EES, tó ń ya ojú èèyàn, tó sì ń gba ìtẹ̀ka. Kọ̀ǹpútà ló ń ka ọjọ́ nínú ètò yẹn, kì í sì í gbàgbé.

Ilé tí bàbá rà kò yí èyí padà rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn: ìwé ilé kì í ṣe ìwé ìgbélùú. Ọ̀nà kan wà tẹ́lẹ̀ tó so méjèèjì pọ̀. Láti 2013, ẹni tó bá ra ilé tó tó 500,000 yúrò lè gba físà tí wọ́n ń pè ní Golden Visa. Sípéènì ti pa á rẹ́ ní 3 oṣù Kẹrin 2025. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń fi í polówó ilé fún yín, ẹ dìde níbẹ̀.

Kò le tó báyìí tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ẹ ní ọ̀rẹ́ kan tó lọ ní 2012, tó dé Fuengirola, tó forúkọ sílẹ̀, tó gba bébà aláwọ̀ ewé tó fi hàn pé ó ti forúkọ sílẹ̀, ó tán. Ìgbà tí Ìlú Ọba ṣì wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù nìyẹn. Wọ́n jáde ní 31 oṣù Kínní 2020, wọ́n sì fún àwọn èèyàn ní àkókò di 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹni tó ti ń gbé Sípéènì lọ́nà òfin kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, àdéhùn ìjáde dáàbò bo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bó bá ti pé ọdún márùn-ún tó sì ti gba ẹ̀tọ́ ìgbélùú títí láé lábẹ́ àdéhùn náà, ó lè kúrò nílùú tó ọdún márùn-ún gbáko kí ẹ̀tọ́ náà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó lọ láti 1 oṣù Kínní 2021 wá, àlejò láti orílẹ̀-èdè òde lòun lójú òfin Sípéènì, bí ọmọ Amẹ́ríkà, bí ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ má fi ìrìn ẹni 2012 díwọ̀n tiyín.

Ọ̀nà tó kù fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ni físà tí wọ́n ń pè ní no lucrativa, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó gbà á kò ní ṣiṣẹ́. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde: láti Ìlú Ọba níbí lẹ ti máa béèrè fún un, lọ́dọ̀ ọ́fíìsì aṣojú Sípéènì ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester tàbí Edinburgh, gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì yín bá ṣe rí. Ẹ ò lè lọ bí arìnrìn-àjò kí ẹ wá máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Torrevieja.

Owó ni òkè ibẹ̀. Sípéènì ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn owó táwọn èèyàn ń gbà, IPREM lorúkọ rẹ̀, 600 yúrò lóṣù ni láti 2023. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní: 2,400 yúrò lóṣù, 28,800 lọ́dún. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, bí ìyàwó tàbí ọkọ, fi 600 kún un lóṣù, tó túmọ̀ sí pé tọkọtaya nílò 36,000 yúrò lọ́dún. Ẹ wá gbé owó ìfẹ̀yìntì ìjọba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, ẹni tó bá ń gba irú tuntun rẹ̀ (new State Pension) ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ gba £230.25 lọ́sẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ti ọdún, kò tó £12,000. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí yúrò, kò tó ìdajì 28,800 náà. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń gbà á ní kíkún kò tíì dé 36,000. Àfi kí ẹ ní owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́, tàbí owó ilé tí ẹ fi háyà, tàbí owó nílẹ̀ ní báńkì.

Èyí dùn mí gan-an, mi ò sì ní fi pa mọ́. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú aláìsàn, tó jẹ́ pé owó ìjọba nìkan ló ní, lè lọ fẹ̀yìn tì sí Sípéènì ní 2019 láìsí wàhálà. Lónìí, òfin ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tó ní ilé méjì ṣì ń kọjá.

Lẹ́yìn owó, ìlera ló tẹ̀ lé e. Ohun tí òfin béèrè ni inṣọ́ránsì aládàáni láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí Sípéènì fọwọ́ sí, tí kò ní jẹ́ kí ẹ san kọ́bọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá rí dókítà. Fún ẹni ọdún 70 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì lè kọ̀ ọ́, tàbí kó bu owó gọbọi lé e. Àmọ́ ẹni tó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba ní fọ́ọ̀mù kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: S1. Ọ̀dọ̀ NHS Business Services Authority lẹ ti ń béèrè rẹ̀. Ìlú Ọba ló ń san owó ìtọ́jú yín, Sípéènì ló ń tọ́jú yín bí ọmọ onílùú. Bí ẹ bá dé, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì INSS, àjọ ìjọba Sípéènì tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́, kí ẹ tó lọ gba káàdì ìlera ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Ẹ béèrè S1 kí ẹ tó béèrè iye inṣọ́ránsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìwé tó kù: ìwé dókítà pé ẹ kò ní àrùn tó lè ran ará ìlú, àti ìwé ọlọ́pàá pé ẹ kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ní Ìlú Ọba, ACRO, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọ̀daràn, ló ń ṣe ti ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ti lọ gbé Nàìjíríà láàárín ọdún márùn-ún yẹn máa nílò ti ọlọ́pàá Nàìjíríà pẹ̀lú, ẹ sì mọ bí ìyẹn ṣe lè pẹ́. Àwọn ìwé tí ẹ gbà ní Ìlú Ọba máa gba òǹtẹ̀ apostille, tó ń jẹ́rìí pé ojúlówó ni ìwé, kí ògbufọ̀ tí ìjọba Sípéènì mọ̀ tó yí wọn sí èdè wọn.

Bí físà bá jáde, ẹ ní oṣù kan péré lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé láti béèrè káàdì ìdánimọ̀ àlejò tí wọ́n ń pè ní TIE. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí káńsù ìlú, ayuntamiento, kí ẹ forúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀ nínú ìwé padrón, àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gbé ìlú náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọlọ́pàá, níbi tí ẹ ti máa kó fọ́ọ̀mù EX-17, àwòrán, àti ìwé owó tí ẹ san ní báńkì lọ, kí wọ́n tó gba ìtẹ̀ka yín. Cita previa ni ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbọ́ jù: láìgba àkókò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn, àkókò náà sì máa ń tán kíákíá. Ọdún kan ni ìwé àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà méjì, kí ó tó kan ìwé ìgbélùú ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ta ilé, ẹ gbọ́ ti owó orí dáadáa. Ẹni tó bá lò ju ọjọ́ 183 lọ ní Sípéènì láàárín ọdún kan ti di ẹni tí Sípéènì ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ lórí gbogbo owó tó ní níbikíbi, owó ìfẹ̀yìntì ìjọba náà sì wà nínú rẹ̀. Ọdún tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kínní, ti Ìlú Ọba ní 6 oṣù Kẹrin. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún tí Ìlú Ọba ń jẹ́ kí ẹ yọ nínú owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ láìsan owó orí, Sípéènì kò mọ irú rẹ̀. Nítorí náà, oṣù tí ẹ yọ owó, oṣù tí ẹ ta ilé, àti oṣù tí ẹ kó lọ ṣe pàtàkì. Ẹ lọ rí ẹni tó mọ owó orí ilẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Ó wá ku ohun tó kan àwa Yorùbá níbí ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn kan nínú wa ṣì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé ìgbélùú títí láé ti Ìlú Ọba. Ẹ̀yin náà lè béèrè físà Sípéènì láti ibí. Àmọ́ bí ẹ bá kúrò ní Ìlú Ọba ju ọdún méjì lọ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, ìwé Ìlú Ọba yẹn á bọ́ lọ́wọ́ yín. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá tó ẹni tó ń gba páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba, ẹ gbà á kí ẹ tó gbéra.

Ìyá kan béèrè ní ìparí pé kí ló dé tí òun kò kúkú ní padà sí Ìbàdàn. Kò sí físà nínú ti Ìbàdàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba máa ń dúró sójú kan fún ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà: iye tí ẹ bá ń gbà lọ́jọ́ tí ẹ kó lọ ni ẹ ó máa gbà. Ti ẹni tó wà ní Sípéènì ń gòkè lọ́dọọdún bíi ti ẹni tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ìyá ní kí n kọ ọ́ sórí bébà fún àwọn, mo sì kọ ọ́.

Bàbá onílé Torrevieja wà lórí ìjókòó níwájú. Wọ́n ti sọ fún àwọn tó fẹ́ ta ilé Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n dúró ná. Wọ́n fẹ́ fi í háyà, kí owó rẹ̀ lè kún èyí tí wọ́n máa fi han ọ́fíìsì aṣojú. Wọ́n ti kọ̀wé béèrè S1.